Rọ́bà, Èèpo àti Ẹ̀wà Ìyá Mi

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù Kẹfà, 2025

Ilé ń rùn. Mo mọ̀, Ọ̀gágun mọ̀, àwọn ará òkè náà ti ń mọ̀. Èèpo edé ni. Láti Sátidé ni mo ti sá a sí bákónì, òjò ò sì jẹ́ kó gbẹ. Ọ̀gágun — ìyá mi nìyẹn, ta ló tún ń pàṣẹ nílé yìí — ní kí n mú ọ̀kan nínú méjì, èèpo edé àbí ìyá. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún mi di ọ̀la. Nígbà tí mo máa fi padà dé láti láàbù, wọ́n ti fi ọṣẹ fọ bákónì, wọ́n sì ti sún èèpo mi sí ibi tí oòrùn máa ń kọ́kọ́ dé láàárọ̀.

Mo fẹ́ kọ iṣẹ́ yìí sílẹ̀ kí n má baà gbàgbé bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọtapíapía lọ̀tá wa. Àwọn kan ń fọ́n ọn sí ẹ̀wà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, májèlé náà á wá bá ẹ̀wà ti ọjà dé inú ìkòkò. Ohun tí a ń wá ni nǹkan kan tó máa dá ọtapíapía mọ̀ nínú omi ẹ̀wà, òun nìkan, láàárín gbogbo èrò tó wà nínú omi náà. Bí a ṣe ń ṣe é rèé: a ó po ohun kan, ká ní rọ́bà, nígbà tó ṣì jẹ́ omi, a ó da ọtapíapía díẹ̀ sí i, a ó jẹ́ kó le. Lẹ́yìn náà, a ó fọ ọtapíapía náà kúrò pátápátá. Àyè rẹ̀ á ṣẹ́ kù lára rọ́bà, bí àyè ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí fóòmù. Tí ọtapíapía bá tún ń kọjá lọ, á wọ àyè rẹ̀ padà, ẹlòmíràn ò sì ní bá ibẹ̀ mu. Ìyẹn tí iṣẹ́ náà bá dára o.

Ohun tó kù ni pé kí la máa fi ṣe é. Ibẹ̀ ni ìjà wà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3

Mẹ́ta la fi bẹ̀rẹ̀. Rọ́bà — ti Gbádébọ̀ tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní láàbù, láti inú kẹ́míkà tó ti òkè òkun wá nínú ìgò dúdú. Yanrìn — gbogbo wa la jọ ni ín, ó sì ti kú. Tí a bá ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, á fọ́ wẹ́wẹ́. A sin ín lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kankan ò sunkún. Èèpo — tèmi. Ara èèpo edé ni mo ti ń yọ ọ́. Ásíìdì á jẹ gbogbo ohun líle inú rẹ̀, mo máa sè é títí á fi funfun, mo máa yọ́ ọ, á wá dì bí ògì. Kò ná mi ju òórùn lọ.

Dókítà Fáṣínà tó ni láàbù ti ní ọ̀kan ṣoṣo la máa mú lọ síwájú. Òṣùwọ̀n ni mò ń pè wọ́n nínú ìwé yìí, torí wọn kì í sọ̀rọ̀ láìkọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Gbádébọ̀ ni Kábíyèsí, nítorí orúkọ rẹ̀ àti nítorí bó ṣe máa ń jókòó. Ẹ̀rọ tó ń ka àwọ̀ omi fún wa ni Arúgbó, ó gbọ́dọ̀ gbóná fúngbà pípẹ́ kó tó dáni lóhùn. Gbogbo wa wà nínú yàrá méjì lórí ilé ìtajà oògùn kan ní Amúwo, àwa àti jẹnẹrétọ̀.

Ohun kan tún wà. Olóǹtẹ̀ kọ̀ọ̀kan — èyí tí a fi ọtapíapía tẹ̀ — ló ní èkejì tí kò tíì rí ọtapíapía rí láyé rẹ̀. Nǹkan kan náà la fi pò wọ́n, lọ́jọ́ kan náà. Òfìfo ni. Òun la fi ń mọ̀ bóyá àyè náà ló ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àbí rọ́bà lásán ló kàn ń lẹ̀ mọ́ ohunkóhun tó bá kọjá. Kábíyèsí ní ìbejì gan-an ni wọ́n. La bá sọ wọ́n ní Táyé àti Kẹ́hìndé. Kálukú lọ kọ T àti K sára ìgò tirẹ̀. A mu mínírà lé e lórí, ìkómọ parí.

Ọjọ́rú, 4

Èèpo ti gbẹ. Ọ̀gágun ti dárí jì mí.

Ọjọ́bọ̀, 5

Nínú omi mímọ́ lásán, olóǹtẹ̀ Èèpo gbé ọtapíapía tó ìlọ́po mẹ́ta èyí tí òfìfo rẹ̀ gbé. Ó dùn mọ́ mi nínú títí Kábíyèsí fi sọ pé ìlọ́po márùn-ún ni ti Rọ́bà tòun. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ da ènìyàn láàmú. Mo ṣe bí ẹni pé mi ò gbọ́.

Àmọ́ omi mímọ́ kọ́ là ń jẹ. A nílò ẹ̀wà ọjà. Àwọn ìyá tó ń ta ẹ̀wà lọ́jà wa ò fẹ́ gbọ́. Ọ̀kan ní ṣé ìjọba ló rán mi ni. Èkejì ní òun mọ̀ mí láti ìgbà tí mo wà ní nọ́sìrì, ìyẹn ò sì ní kí n wá fi ẹ̀wà òun sínú ẹ̀rọ. Ọ̀gágun ló gbà mí. Àwọn náà ẹ̀wà ni wọ́n ń tà, ṣọ́ọ̀bù wọn ló wà níwájú pátápátá. Wọ́n dìde, wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, wọ́n bu tiwọn sínú láílọ́ọ̀nù, wọ́n sì gbé e lé mi lọ́wọ́ lójú gbogbo ọjà. Ìyá Mọ̀nsúrát tí ṣọ́ọ̀bù wọn kángun sí tiwa náà bu tiwọn. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo wọn bu ú.

Mo ṣèlérí fún wọn: mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Lẹ́tà ló máa wà lára láílọ́ọ̀nù, orí mi nìkan ni orúkọ máa wà. Ohun tí ẹ̀rọ bá rí nínú ẹ̀wà ẹnì kan, ẹni náà nìkan ni màá sọ ọ́ fún.

Ọjọ́ Ẹtì, 6

Iléyá. Ìyá Mọ̀nsúrát fi ẹran ránṣẹ́, ti ẹ̀gbẹ́ ìhà. Ọ̀gágun ní obìnrin náà mọ ibi tí ayọ̀ àwọn wà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10

Kí n kọ ọ́ létòlétò.

Òṣùwọ̀n ní kí n fi Rọ́bà bẹ̀rẹ̀, torí òun ló gbé jù nínú omi mímọ́. Kábíyèsí ti lọ sí ọjà Trade Fair láti wá irin kan tó já lára jẹnẹrétọ̀. Èmi nìkan ni mo ṣe é. Mo mú ìgò T Rọ́bà. Mo fi K sílẹ̀, omi ẹ̀wà tí mo sè sílẹ̀ lọ́jọ́ náà ò pọ̀ tó láti bọ́ ìbejì méjèèjì. Mo da omi ẹ̀wà kọjá lára rẹ̀, mo fọ̀ ọ́, mo fi oògùn àwọ̀ sí ohun tó jáde. Bó bá ṣe ṣú tó ni ọtapíapía ṣe pọ̀ tó, Arúgbó ló ń kà á.

Mẹ́rin ló ṣú. Ọ̀kan nínú mẹ́rin náà, ẹ̀wà ìyá mi ni.

Mo pa Arúgbó. Mo tún un tàn, mo jókòó tì í títí ó fi gbóná. Ohun kan náà ló sọ. Òṣùwọ̀n wọlé, wọ́n béèrè bóyá ohunkóhun yà mí lẹ́nu. Mo ní rárá, sà. Mo fi gbogbo rẹ̀ hàn wọ́n bó ṣe rí, mi ò yọ ìkankan kúrò. Ọkàn mi fẹ́ yọ ọ̀kan o. Lẹ́tà lásán ló wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Wọ́n ní ká má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni títí àwa fúnra wa yóò fi dá ara wa lójú.

Ọjọ́rú, 11

Ọ̀gágun se ẹ̀wà. Mo ní mo ti jẹun níta. Mi ò jẹ nǹkan kan.

Ọjọ́bọ̀, 12

Ọlidé. Kò sí ibi tí mo lè sá lọ. Ọ̀gágun jókòó sí pálọ̀, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà nínú atẹ, wọ́n ń kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì lábẹ́nu. Mo jókòó tì wọ́n, mo bá wọn ṣà á díẹ̀, mo wá sọ fún wọn pé ẹ̀wà mẹ́rin ló ṣú, tiwọn sì wà níbẹ̀. Òfin Òṣùwọ̀n ni mo rú yẹn. Mi ò lè gbé e mọ́.

Wọn ò pariwo. Ó ì bá sàn kí wọ́n pariwo. Wọ́n béèrè kí ni ẹ̀rọ ní òun rí. Mo ní ọtapíapía. Wọ́n ní láti ìgbà tí àwọn ti ń ta ẹ̀wà, ata gbígbẹ ni àwọn ń dà sínú kẹ́ẹ̀gì kí àwọn tó dé e pa, ata gbígbẹ náà sì ni ìyá àwọn ń lò ní Ìwó. Mo ní mo mọ̀, Mà. Wọ́n ní, "Tí o bá mọ̀, kí ni ẹ̀rọ wá ń sọ?" Wọ́n ṣa ẹ̀wà síwájú sí i. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ìyẹn ni o ò ṣe jẹun lánàá."

Ó dùn mí dé eegun. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Nígbà tí wọ́n ṣà á tán, wọ́n ní àwọn ò ní ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́la, àwọn ò sì ní ṣí i títí màá fi mọ ohun tí mò ń sọ dájú. Wọ́n ní àwọn ò lè máa ta ohun tí ọmọ àwọn fúnra rẹ̀ ò lè jẹ.

Ọjọ́ Ẹtì, 13

Ṣọ́ọ̀bù wà ní títì. Àǹtí Bímpé tó ń dín àkàrà lẹ́nu géètì pè lórí fóònù, ó ní ṣé kò sí o. Ọ̀gágun ní ara àwọn ò le díẹ̀, kó lọ rà lọ́wọ́ Ìyá Mọ̀nsúrát, ẹ̀wà tiwọn náà dára. Gbogbo oníbàárà tó pè, ibẹ̀ ni wọ́n darí wọn sí.

Ìyá Mọ̀nsúrát wà nínú àwọn mẹ́rin náà. Mo ní kí Ọ̀gágun rọra máa darí àwọn ènìyàn. Wọ́n ní kí nìdí. Ìlérí mi ò jẹ́ kí n sọ. Mo wọ yàrá, mo tilẹ̀kùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14

Mo lọ sí láàbù lónìí, Sátidé. Èmi àti màígádì nìkan. Mo mú ẹ̀wà Ọ̀gágun, mo fi Èèpo yẹ̀ ẹ́ wò. Olóǹtẹ̀ àti òfìfo, méjèèjì, mi ò fo ìkankan lọ́tẹ̀ yìí.

Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Omi náà mọ́ gaara. Mo tún un ṣe, ó tún mọ́. Mo jó yí tábìlì po. Màígádì yọjú, ó ní ṣé kò sí o, mo ní ìyá mi ni, ó ní ẹ kú oríire.

Èèpo mi. Èèpo tó ń rùn. Mo ti mọ̀ pé ọmọ gidi ni.

Ọjọ́ Àìkú, 15

A ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mi ò jẹ́ kí Ọ̀gágun bọ́ gèlè kí n tó sọ fún wọn. Mo ní wọ́n mọ́, Rọ́bà ló purọ́. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Wọ́n dì mọ́ mi. Mo ti ń wo kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lórí fíríìjì, mo ní kí wọ́n ṣí i lọ́la.

Wọ́n ní, "Àwọn mẹ́ta tó kù ńkọ́?"

Mo ní àwọn mẹ́ta wo. Wọ́n ní ṣebí èmi ni mo sọ ní Ọjọ́bọ̀ pé ènìyàn mẹ́rin ni. Ta ló bá àwọn mẹ́ta yẹn lọ sí láàbù ní Sátidé? Mo ní a máa dé orí tiwọn. Ọ̀gágun wò mí. "Àwọn náà bímọ, Ìkẹ́. Ọmọ wọn ni ò sí ní láàbù."

Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lórí fíríìjì. Ojú tì mí débi pé mo lọ fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 16

Mo fi Èèpo yẹ gbogbo ẹ̀wà wò, kì í ṣe ti mẹ́rin nìkan. Àárọ̀ títí ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀yìn dùn mí.

Nínú mẹ́rin tí Rọ́bà fẹ̀sùn kàn, mẹ́ta mọ́. Ọ̀kan ló ṣú, ó sì ṣú kedere. Ẹni tó ni lẹ́tà náà ni Ìyá Mọ̀nsúrát.

Mo wá tún wo ohun tó jáde lára Rọ́bà lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ṣì tọ́jú ìyókù wọn sínú fíríìjì. Mo gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé kí n tó fi oògùn sí i. Ó pupa díẹ̀. Epo ata ni. Gbogbo àwọn tó ń fi ata gbígbẹ tọ́jú ẹ̀wà ni Rọ́bà ń mú, ó ń kó ata mọ́ra bí ẹni ń lọ ọjà, Arúgbó sì ń ka ata bí ọtapíapía.

Mo sọ fún Kábíyèsí. Kò gbà. Ó ní Rọ́bà òun kì í gbé ata, òun ti dán an wò pẹ̀lú ata, pẹ̀lú iyọ̀, pẹ̀lú epo pupa. Mo ní kó wá wò ó fúnra rẹ̀. Ó wò ó, ojú rẹ̀ ṣú. Ó jókòó sórí ìjókòó rẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí kò jókòó bí ọba.

Kí n sọ òótọ́ sínú ìwé yìí, ṣebí èmi nìkan ló ń kà á: inú mi dùn. Rọ́bà ti kọsẹ̀, Èèpo ló máa yege. Inú mi dùn, mo sì ń ṣe ojú àánú fún un, mo tiẹ̀ fi ẹ̀pà mi lọ̀ ọ́. Ó jẹ ẹ́ tán.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17

Kábíyèsí ò wá sí iṣẹ́. Inú mi ò dùn tó tàná.

Ọjọ́rú, 18

Ọjọ́ tó yẹ kí n fi báírò pupa kọ.

Òṣùwọ̀n wá láàárọ̀. Wọ́n gbọ́ tẹnu mi, wọ́n gbọ́ ti Kábíyèsí. Wọ́n ní ohun tó gbé ìlọ́po márùn-ún nínú omi mímọ́ kò yẹ kó di òmùgọ̀ nínú omi ẹ̀wà lójú kan náà. Wọ́n ní ká gbé ìbejì Rọ́bà wá, àwọn fẹ́ rí méjèèjì pọ̀.

Mo gbé T lé wọn lọ́wọ́. Mo ní, "Olóǹtẹ̀ nìyí, sà."

Kábíyèsí ní, "Rárá. Àbúrò nìyẹn."

Mo ní àbúrò báwo. Ó ní òfìfo nìyẹn, K ni olóǹtẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé oòrùn ń ràn. Ó ní ṣé mi ò mọ̀ pé Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n ni? Kẹ́hìndé ló ń rán Táyé jáde pé kó lọ tọ́ ayé wò. Èyí tó mọ ohun tó ń wá, èyí tó lóye, òun ni ẹ̀gbọ́n, ara rẹ̀ ni òun sì kọ K sí. Mo ní mo mọ̀ pé Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n. Ta ni kò mọ̀? Ṣùgbọ́n Táyé ló kọ́kọ́ wáyé! Olóǹtẹ̀ ni mo kọ́kọ́ dà nínú ti Èèpo, òfìfo ló tẹ̀ lé e, mo wá kọ T sí olóǹtẹ̀. Kálukú wa fi ojú tirẹ̀ sọ ọmọ tirẹ̀ lórúkọ, kò sì sẹ́ni tó bi èkejì.

Òṣùwọ̀n wò wá, wọ́n wo ìgò náà. Wọ́n wá rẹ́rìn-ín. Mi ò rí i rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi bọ́ gíláàsì ojú. Wọ́n ní ẹ̀yin ọmọ Yorùbá méjì tí ilé kọ́ dáadáa.

Òfìfo ni mo fi yẹ gbogbo ẹ̀wà ọjà wò. Ohun tí kò tíì fojú kan ọtapíapía rí ló jókòó dájọ́ ìyá mi. Ká ní mo ti mú K náà lọ́jọ́ yẹn, ká ní mi ò torí omi ẹ̀wà tó kéré fò ó, ǹ bá ti rí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kábíyèsí ò bínú sí mi. Ó kàn ń fọwọ́ pa Rọ́bà rẹ̀ lára bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní àtìmọ́lé.

Ọjọ́ Ẹtì, 20

Olóǹtẹ̀ Rọ́bà gan-an, lórí gbogbo ẹ̀wà. Èmi àti Kábíyèsí jọ ṣe é, ó ń pe lẹ́tà, mò ń dà. Ó kọjá lára ata bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Àwọn mẹ́ta mọ́. Èyí tó ṣú fún Èèpo náà ló ṣú fún Rọ́bà. Nǹkan méjì tí kò bára tan rárá, ọ̀kan láti inú òkun, ọ̀kan láti inú ìgò, ẹnì kan náà ni wọ́n nawọ́ sí. A tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni.

Kábíyèsí béèrè bóyá mo mọ ẹni náà. Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Kò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọmọlúàbí ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21

Mo sọ fún Ọ̀gágun pé gbogbo ẹ̀wà la tún yẹ̀ wò, pé ọ̀nà méjèèjì ló sọ pé tiwọn mọ́. Wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ lórí fíríìjì fúnra wọn. Àǹtí Bímpé ló kọ́kọ́ dé. Nígbà tí a délé, wọ́n se ẹ̀wà olóyin pẹ̀lú ata rodo tó pọ̀, mo jẹ abọ́ méjì, mo fi ìka nu ìdí abọ́. Wọ́n kàn ń wò mí jẹun. Inú mi dùn, inú mi dùn dé ibi tó dé.

Ọjọ́ Ajé, 23

Òṣùwọ̀n ti yàn. Rọ́bà ni.

Èmi fúnra mi ni mo fi ẹ̀rí lé wọn lọ́wọ́. Tí a bá fọ Èèpo tó bí ẹ̀ẹ̀mẹrin, á wú, á rọ̀, àyè ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́. Rọ́bà, bí o bá fọ̀ ọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, bó ṣe rí náà ló máa rí. Ohun tí àwọn ènìyàn máa lò lọ́jà kò lè jẹ́ ohun tí ń rọ̀. Mo rò pé màá sunkún, mi ò sunkún. Kábíyèsí ra mítì páì fún mi, ó ní ká máa pe Èèpo ní ìyá ìyàwó láàbù, ẹni àpọ́nlé tí kì í ṣiṣẹ́. Mo ní kó gba ibi tó ti wá lọ.

Òṣùwọ̀n ṣe òfin tuntun: kò sí ìbejì mọ́ lára ìgò. "Olóǹtẹ̀", "Òfìfo", ká kọ ọ́ gún régé. Wọ́n sì ní mo lè lọ sọ fún àwọn ìyá báyìí, kálukú ní tirẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24

Mo kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn tí tiwọn mọ́. Ó rọrùn. Ọ̀kan fún mi ní ọsàn. Èyí tó bi mí bóyá ìjọba ló rán mi ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé tòun mọ́, òun kàn ń dán mi wò ni.

Nílé, Ọ̀gágun béèrè bóyá ó ṣẹ́ ku ẹnì kan. Mo fa aṣọ kan mọ́ra, mo ń ká a. Wọ́n ní, "Má sọ ọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n má fi fóònù sọ ọ́ fún un. Lọ jókòó tì í." Mo ní mo gbọ́, Mà. Wọ́n ń ká aṣọ lọ. Wọ́n tún ní tí mo bá ń kọjá lọ́dọ̀ Ìyá Mọ̀nsúrát, kí n bá àwọn dúpẹ́ pé wọ́n bá àwọn tọ́jú oníbàárà.

Ọjọ́rú, 25

Mo lọ sí Abúlé Adó, ilé Ìyá Mọ̀nsúrát. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ lọ́jà. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n ní mo ti rù, ṣé Màmá Ìkẹ́ ò fún mi lóúnjẹ ni. Àwọn ọmọ Mọ̀nsúrát wà nínú yàrá, wọ́n ti ilé ìwé dé, aṣọ ilé ìwé ṣì wà lọ́rùn wọn. Òórùn oúnjẹ wà nínú ilé.

Mo sọ fún wọn. Mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́, mo bá a lọ títí mo fi sọ gbogbo rẹ̀ tán. Mo ti múra fún ìbínú. Wọn ò bínú. Wọ́n béèrè bóyá ẹ̀ẹ̀kan la ṣe é. Mo ní rárá, Mà, nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la fi ṣe é, ọ̀kọ̀ọ̀kan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Wọ́n ní ẹni tó ta ọtapíapía fún àwọn ló sọ pé díẹ̀ ni kí àwọn kán sẹ́nu àpò, kò lè ṣe nǹkan kan, tí ènìyàn bá ti gbé e kaná, iná máa ń gbé e lọ. Wọ́n wò mí. "Àbí kì í gbé e lọ?"

Mo ní ó máa ń gbé díẹ̀ lọ, Mà. Kì í gbé gbogbo rẹ̀.

Wọ́n tún un sọ, ohùn wọn lọ sílẹ̀: "Kì í gbé gbogbo rẹ̀." Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà pariwo láti yàrá pé, "Màmá àgbà, ṣé ó ti jinná?"

Ìyá Mọ̀nsúrát dìde. Wọ́n lọ sí kíṣíìnì, mo gbọ́ tí wọ́n pa sítóòfù. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí mo wọlé tọ̀ wọ́n, wọ́n ti fi àkísà di etí ìkòkò kan mú, ọwọ́ wọn kejì wà láyà, wọn ò sì tíì gbé e. Ìkòkò ńlá ni, ẹ̀wà kún un dé ọ̀nà ọ̀fun. Wọ́n ní, "Láti ọdún tó kọjá ni, Ìkẹ́. Òun ni àwọn ọmọ yìí ń jẹ." Mo wá àkísà mìíràn, mo di etí kejì mú, a sì jọ gbé e jáde sẹ́yìnkùlé.